Joseph Bertrand, Baba Àpótí Mẹ́ta

Paris ni wọ́n bí Joseph Bertrand sí ní 1822. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó ti ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ní École Polytechnique láàárín àwọn géńdé. (Ẹ fojú inú wo ọmọ JSS 1 ní kíláàsì wa!)

Ní 1842, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Versailles bọ̀ ṣe jàǹbá, ó sì gbiná. Ó lé ní 50 èèyàn tó kú. Bertrand yè é, àmọ́ àpá rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Nígbà rògbòdìyàn Paris ní 1871, ilé rẹ̀ jóná, àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì jóná mọ́ ọn.

Kò ṣíwọ́ ìwé kíkọ. Inú ìwé rẹ̀ ti 1889 ni àpótí mẹ́ta yìí ti jáde: ọ̀kan ní owó wúrà méjì, òmíràn fàdákà méjì, ẹ̀kẹta wúrà kan, fàdákà kan. O dijú mú owó kan, wúrà ni. Ṣé wúrà ni èyí tó kù nínú àpótí náà? Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìdajì ni. Rárá o. Àpótí là ń kà, owó ló yẹ ká kà. Wúrà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ lè bà, méjì nínú wọn ló ní wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

Mo fi ẹ̀wà funfun àti pupa dán an wò l'Ọ́mù-Àrán kí n tó gbà.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni àlọ́ tí Steve Selvin kọ ní 1975: o mú àpótí kan nínú mẹ́ta, ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀bùn wà ṣí òfìfo kan nínú méjì tó kù, ó ní ṣé wàá pààrọ̀. Pààrọ̀: ìgbà kan péré nínú mẹ́ta ni àkọ́mú rẹ máa ń bọ́ sí i. Bertrand ti kú láti 1900.