Gregor Mendel àti Ọgbà Ẹ̀wà Rẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1822 ni a bí Johann Mendel ní abúlé Hynčice, lábẹ́ ìjọba ọba Austria. Ilẹ̀ Czech ni abúlé náà wà lónìí. Àgbẹ̀ ni Anton, baba rẹ̀. Johann ni ì bá jogún oko, ṣùgbọ́n ìwé ni ọkàn ọmọ náà fà sí. Ní ọdún 1838, igi ṣe baba rẹ̀ léṣe, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Díẹ̀ ni ó kù kí àìní lé Johann kúrò ní ilé-ìwé. Theresia, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ó yọ̀ǹda apá kan nínú owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa kàwé lọ. Mendel kò gbàgbé oore yìí. Nígbà tí ọwọ́ òun náà tó ẹnu, ó ran àwọn ọmọ Theresia lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Ní ọdún 1843, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní ìlú Brno, níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ náà Gregor. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni ó gbé e débẹ̀. Ó ń wá ibi tí àníyàn àtijẹ kò ti ní dí i lọ́wọ́. Ó di olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jókòó fún ìdánwò ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò yege. Láàárín ìdánwò méjèèjì, ó lo ọdún méjì ní Yunifásítì Vienna, ìṣirò tí ó kọ́ níbẹ̀ ni ó sì wá wúlò fún un jù lọ.

Láti ọdún 1856 títí di 1863, Mendel gbin ẹ̀wà òyìnbó tí a ń pè ní píì sí ọgbà àwọn mọ́ńkì. Ó fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọmọ fi ń jọ òbí. Yóò ṣí òdòdó tí kò tíì là, yóò yọ akọ inú rẹ̀ kúrò, yóò bu lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó mìíràn sí i, yóò sì fi àpò kékeré bò ó kí kòkòrò má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Ó so ẹ̀wà roboto pọ̀ mọ́ èyí tí ara rẹ̀ hunjọ. Roboto ni gbogbo ọmọ wọn. Ẹlòmíràn ì bá dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Mendel tún gbin àwọn ọmọ náà, ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù wọn bá ara rẹ̀ so. Híhunjọ tún yọjú! Ó kà wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan (kí á má tan ara wa, iṣẹ́ asúni ni): nínú 7,324, 5,474 jẹ́ roboto, 1,850 sì hunjọ. Bí a bá rí roboto mẹ́ta, a ó rí híhunjọ kan. Ó wá yé e pé ohun tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ kì í pò pọ̀ bí ẹ̀kọ àti omi. Méjì méjì ni ó wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì lè sá pamọ́ sẹ́yìn èkejì.

Ní ọdún 1865, ó ka àbájáde iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú Brno. A sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún kejì. Carl Nägeli ti Munich, ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn, dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ìṣirò náà kò yé e. Mendel wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lára ewéko kan tí Nägeli fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ewéko yìí a máa so láìgba akọ. Òfin tí ó hàn lára ẹ̀wà kò lè hàn lára rẹ̀. Ní ọdún 1868, a fi í ṣe olórí ilé àwọn mọ́ńkì, ìjà owó-orí pẹ̀lú ìjọba sì gba ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1884. Ọdún 1900 ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìmọ́lẹ̀.

Jíìnì ni a ń pe ohun tí Mendel kà láìfojú rí i. Àkọsílẹ̀ ni, inú sẹ́ẹ̀lì ni ó wà. Sẹ́ẹ̀lì a máa da àkọsílẹ̀ náà kọ, a sì fi àdàkọ ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń kà á ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ èròjà kan, a ó sì so èròjà mọ́ èròjà bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí yóò fi di purotéènì. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé nǹkan bí 800 lẹ́tà àjèjì ni ó já wọ àárín àkọsílẹ̀ kan nínú ẹ̀wà híhunjọ. Nítorí náà, ojúlówó purotéènì tí í máa ran ẹ̀wà lọ́wọ́ láti sọ ṣúgà di sítáàṣì kò sí níbẹ̀. Ṣúgà a pọ̀ jù, ẹ̀wà a fa omi lámujù, bí ó bá sì gbẹ, ara rẹ̀ a hunjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí ó bá gba àkọsílẹ̀ pípé kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, yóò rí purotéènì tí ó tó lò ṣe; ìdí nìyí tí ẹ̀wà àkọ́so nínú ọgbà Mendel fi jẹ́ roboto láìku ọ̀kan.