Baba Adínnì àti epo Aje: ogún ọdún lábẹ́ òkun

Tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ olówó Èkó tó ní sùúrù jù, Alhaji Wahab Ìyàndá Fọláwiyọ ni màá kọ́kọ́ dá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sí Baba Adínnì Nàìjíríà, ẹ jẹ́ ká fi ti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ epo ni.

Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Ó dá Yinka Folawiyo and Sons sílẹ̀ ní 1957, ó ṣòwò títí ó fi ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, Nigerian Green Lines. Ó ti lówó dáadáa kí ìjọba tó fún un ní OPL 309 ní 1991, ìyẹn pápá kan nínú òkun níwájú Èkó. Nígbà yẹn, ọ̀nà Niger Delta ni gbogbo èèyàn tó ń wá epo ń gbà.

Ní 1996, wọ́n gbẹ́ kànga àkọ́kọ́, wọ́n bá epo àti gáàsì. Aje ni wọ́n pè é. (Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní rò ó sí owó?) Àmọ́ ẹ má rò pé ẹni tó bá rí epo ti lówó nìyẹn o! Kànga kan ṣoṣo nínú òkun, òbítíbitì dọ́là ló ń jẹ. Gáàsì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, gáàsì kò ṣeé rọ sínú àgbá. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní páìpù, kó sì ní ẹni tó máa rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí báńkì tó dá a lóhùn. Ní 1998, epo já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 10 àgbá kan. Ta ló fẹ́ náwó sí i nígbà yẹn? Baba mú àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè wọlé, wọ́n jọ pín in, wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn. Epo ò tíì jáde.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹlòmíì ì bá ti tà á pátápátá. Òun ò tà.

Oṣù kẹfà 2008 ló kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àgbá epo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 147. Oṣù karùn-ún 2016 ni epo Aje ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nígbà tí owó epo ò tó dọ́là 50 mọ́, epo náà ò sì pọ̀ tó bí wọ́n ṣe retí. Páìpù tó ń gbé gáàsì Nàìjíríà lọ sí Gánà gba inú òkun kan náà kọjá.