Hubert Ògúndé: Ọlọ́pàá tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí eré inú Bíbélì

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti dé, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn a máa fi kátúùnù sọ ìtàn ìbí Jésù fún tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n kí tẹlifíṣàn tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1959 ni ọmọ Ìjẹ̀bú kan ti ń kó ẹbí jọ wo ìtàn inú Ìwé Mímọ́. Olóògbé Hubert Adédèjì Ògúndé ni, ọmọ Ọ̀sọsà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, nítorí náà, inú orin ìjọ ló dàgbà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń bá àwọn eégún alárìnjó jó nígbà èwe rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó tún ń tẹ dùùrù, kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941.

Ìjọ Olúwa, tí í ṣe ìjọ Aládùúrà, ló bẹ̀ ẹ́ ní Èkó pé kó gbé eré kan kalẹ̀ láti fi wá owó ilé ìsìn. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1944, ó ṣe eré Ọgbà Ídẹ́nì ní Gbọ̀ngàn Glover. Èrò pọ̀ débi pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìpinnu tó le ni. Alágbe làwọn ènìyàn ń pe òṣèré nígbà náà. Nígbà tó kéde pé òun ń wá òṣèrébìnrin, ẹnì kankan kò yọjú. Ìgbà tó ní akọ̀wé lòun ń wá ni wọ́n tó wá. Kí ẹgbẹ́ náà má baà tú ká, ó fi púpọ̀ nínú wọn ṣaya.

Ìjọba pàápàá kò jẹ́ kó sinmi. Àwọn òyìnbó amúnisìn fòfin de eré rẹ̀ lórí ìyanṣẹ́lódì àti ebi ní Jọ́ọ̀sì ní 1946. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú, ó sì di 1966 kí ìjọba ológun tó tú u sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bọ́ sídìí fíìmù: Ayé ní 1979, Jáíyésimi ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, 1990.

Ìlù wa, ijó wa àti èdè wa ni Ògúndé fi sọ ìtàn Bíbélì, kò sì bà á jẹ́. Èdè òyìnbó ni ọ̀pọ̀ kátúùnù Kérésìmesì táwọn ọmọ wa ń wò ń sọ. Ta ni yóò ṣe tiwọn ní Yorùbá? Ọmọ Ọ̀sọsà ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ó ku ẹni tí yóò tọ̀ ọ́.