Vital Brazil, Dókítà tí ó Bá Oró Ejò Jà

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó ka ìtàn ọkùnrin kan tí ó kú ní ọdún 1950. Orúkọ rẹ̀ ni Vital Brazil. Ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti bí i, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà tí ó wà ní Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Iṣẹ́ tí ó ṣe kan gbogbo ẹni tí ń fi ọkọ́ àti àdá wá oúnjẹ.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1865 ni wọ́n bí Vital Brazil ní ìlú Campanha. Ìlú yìí wà ní apá ilẹ̀ Brazil tí wọ́n ń pè ní Minas Gerais. Bàbá rẹ̀ fi orúkọ ilẹ̀ wọn àti ti ìlú wọn sọ ọmọ náà. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Vital Brazil Mineiro da Campanha.

Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó. Ó ní láti máa ṣiṣẹ́, kí ó sì máa kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti oko bọ̀ wá sí kíláàsì mọ bí ó ti rí. Àárẹ̀ ń mú ara, ṣùgbọ́n ọkàn fẹ́ mọ̀. Ní ọdún 1891, ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Rio de Janeiro, ó sì di dókítà.

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí ó sinmi

Ní ọdún 1895, ó lọ ṣe dókítà ní ìlú Botucatu. Oko kọfí pọ̀ ní agbègbè náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń roko láìwọ bàtà. Ejò wà nínú koríko àti lábẹ́ ewé gbígbẹ, ó sì ń bù wọ́n ṣán ní ẹsẹ̀ àti ní ọwọ́.

Wọ́n ń gbé àwọn tí ejò bù ṣán wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò yè, ẹlòmíràn yóò kú. Kí ni ó fà á? Báwo ni dókítà yóò ṣe mọ ẹni tí ikú ń sún mọ́, kí ó lè tètè dá a dúró? Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn Vital Brazil mọ́.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ewé àti egbò tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Ó dán wọn wò pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa oró náà.

Oògùn kan láti ilẹ̀ Faransé

Ní àkókò yẹn, dókítà Faransé kan wà tí ń jẹ́ Albert Calmette. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú Saigon, ní ilẹ̀ Vietnam, ó sì ti rí bí ejò kòbúrà ṣe ń pa ènìyàn níbẹ̀. Calmette mú oró kòbúrà, ó ń fi í sí ara ẹranko ní díẹ̀díẹ̀, títí ara ẹranko náà fi mọ bí yóò ti bá oró jà. Lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà, ó yọ omi tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì fi í ṣe oògùn. Calmette rò pé oògùn kan náà lè wúlò fún oró gbogbo ejò.

Vital Brazil yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi oògùn tí wọ́n fi oró kòbúrà ṣe bá oró ejò ilẹ̀ Brazil pàdé, kò ṣiṣẹ́. Nígbà náà ni ó mọ ohun kan tí ó tóbi: oró ejò kan kò dàbí oró ejò mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ṣí ilé gbogbo. Irú ejò tí ó bu ènìyàn ṣán ni ó yẹ kí a fi oró rẹ̀ ṣe oògùn.

Oko Butantan

Ní ọdún 1897, Vital Brazil lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú São Paulo. Ní ọdún 1899, àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ ìlú Santos tí ó wà létí òkun. Wọ́n rán an lọ síbẹ̀. Àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú.

Nítorí àrùn yìí, ìjọba ra oko kan tí ń jẹ́ Butantan, lẹ́yìn ìlú São Paulo, kí wọ́n lè máa ṣe oògùn níbẹ̀. Ní ọdún 1901, oko náà di ilé iṣẹ́ ìjọba, Vital Brazil sì ni olórí rẹ̀. Ẹṣin ni ó lò. Ó ń fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe oògùn.

Irú ejò méjì ni ó yọ àwọn ará Brazil lẹ́nu jù. Èkíní ni jararaca. Òun ni ó ń bu àwọn ènìyàn ṣán jù. Ojú ibi tí ó bù ṣán a máa wú, a máa dunni gidigidi, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà láìdúró. Èkejì ni ejò tí ó ní ṣaworo ní ìrù. Ojú ibi tí ó bù ṣán lè má wú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú ẹni náà yóò máa wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ojú rẹ̀ yóò ṣú, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè dúdú. Ejò yìí kì í bù ṣán tó jararaca, ṣùgbọ́n ó ń pani jù ú lọ.

Vital Brazil ṣe oògùn kan fún jararaca, ó ṣe òmíràn fún ejò oníṣaworo. Ó sì ṣe ẹ̀kẹta tí ó pa méjèèjì pọ̀, fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ejò náà.

Àwọn àgbẹ̀ di alábàáṣiṣẹ́

Láìsí ejò, kò sí oró. Láìsí oró, kò sí oògùn. Vital Brazil bá àwọn àgbẹ̀ ṣe àdéhùn. Kí wọ́n mú ejò láàyè, kí wọ́n fi í sínú àpótí, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Butantan. Òun yóò fi oògùn ránṣẹ́ padà sí wọn. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé àwọn àpótí náà.

Ó tún fi ìwé kan sínú àpótí oògùn. Ẹni tí ó bá lo oògùn náà yóò kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀: ọjọ́ orí ẹni tí ejò bù ṣán, ibi tí ó bù ú ṣán, irú ejò náà, wákàtí mélòó ni ó kọjá kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́, àti bóyá ó yè tàbí ó kú. Yóò wá dá ìwé náà padà.

Ẹ wo ìwúlò mímọ̀ọ́kọ mímọ̀ọ́kà! Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹnìkan kọ ní oko jíjìn lè gba ẹlòmíràn là ní ọ̀nà mìíràn. Nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣe ń mọ ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọdún 1911, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ejò. Ní ọdún 1916, nígbà tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ejò oníṣaworo bu òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko kan ṣán ní New York. Ẹni náà ń lọ sójú ikú. Wọ́n lo oògùn Vital Brazil fún un, ó sì yè.

Ní ọdún 1919, ó dá ilé iṣẹ́ oògùn mìíràn sílẹ̀ ní ìlú Niterói. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1950. Ilé iṣẹ́ méjèèjì kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ejò ilẹ̀ wa kì í ṣe ejò Brazil, oògùn ibẹ̀ kì í sì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni dókítà ń bi wá. Irú ejò wo ni? Láti ìgbà wo ni ó ti bù ú ṣán? Ṣé ọmọdé ni? Ara ọmọdé kéré, oró tí àgbàlagbà lè fara dà lè pa á. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀? Ṣé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀? Ṣé mímí ń ni ín lára? Dókítà lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ó mọ́, kí ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dì, ewu ń bẹ.

Nítorí náà, bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má ṣe fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má ṣe dè é pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn bí ẹ bá lè gbé e. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti lé ejò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì. Àwa àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pa á tì.

Ìbéèrè

1. Níbo ni wọ́n bí Vital Brazil, ní ọdún wo?
2. Kí ni ìdí tí oògùn oró kòbúrà kò fi ṣiṣẹ́ fún ejò ilẹ̀ Brazil?
3. Àwọn nǹkan wo ni wọ́n ń kọ sínú ìwé tí ó wà nínú àpótí oògùn?
4. Bí ejò bá bu ará ilé yín ṣán lónìí, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fún àwọn ará ilé.