Zhu Yuanzhang, Alágbe Tí Ó Di Ọba Ilẹ̀ Ṣáínà

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti jọba ní ilẹ̀ Ṣáínà, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ tó ti Zhu Yuanzhang, ẹni tí ìtàn tún mọ̀ sí Hongwu. Ní ọdún 1328 ni a bí i ní agbègbè Haozhou, nínú ilé àgbẹ̀ tálákà kan tí kò ní ilẹ̀ ti ara rẹ̀. Àwọn ará Mongol ni wọ́n ń ṣe àkóso Ṣáínà ní ìgbà náà, ìyà sì ń jẹ àwọn mẹ̀kúnnù púpọ̀.

Ní ọdún 1344, ọ̀dá dá, eéṣú jẹ ohun tí ó kù lóko, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà pẹ̀lú sì kú. Kò sí pósí, kò sì sí ilẹ̀ tí a ó sin wọ́n sí. Aládùúgbò kan ni ó ṣàánú, tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀ kékeré kan, aṣọ gbígbó ni a sì fi di àwọn òkú náà. Ọmọ náà wọ tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Buddha lọ kí ó lè rí oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n ebi ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní kí ó gbé igbá, kí ó máa lọ ṣagbe. Bí ọdún mẹ́ta ni ó fi rìn kiri báyìí láti ìlú dé ìlú.

Ní ọdún 1352, ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń wé láwàní pupa lọ, lábẹ́ ọ̀gágun Guo Zixing, ẹni tí ó fi ọmọbìnrin tí ó gbà tọ́ fún un ní aya. Ma ni orúkọ ìdílé obìnrin náà, a ó sì tún gbọ́ nípa rẹ̀. A kò ní fi ìtàn ogun dá àwọn ònkàwé wa lágara: ó gba Nanjing ní 1356, ó ṣẹ́gun Chen Youliang lórí adágún Poyang ní 1363, ó sì gun orí oyè ní 1368, ó fi orúkọ ìjọba rẹ̀ ní Ming. Ní ọdún kan náà ni ọ̀gágun rẹ̀, Xu Da, lé ọba Mongol kúrò ní ìlú tí à ń pè ní Beijing lónìí.

Kò gbàgbé àwọn tálákà. Ó dín owó orí kù níbi tí ọ̀dá ti dá, ó fi ilẹ̀ tí ó di igbó fún ẹni tí ó bá lè ro ó, kò sì fojúure wo òṣìṣẹ́ ọba tí ó jalè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ní 1376, nígbà tí ó ní kí àwọn ènìyàn sọ ohun tí kò dára nínú ìjọba, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ye Boju kọ̀wé pé ìyà tí ọba fi ń jẹni pọ̀ jù, àti pé agbára tí ó fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìgbèríko yóò dá ogun sílẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Inú ọba ru ṣùṣù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Ye Boju kú sí.

Ní 1380, ọba fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Hu Weiyong, olórí àwọn ìjòyè, ó sì pa á. Lẹ́yìn náà ó pa oyè náà fúnra rẹ̀ rẹ́, ó sì fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá dábàá pé kí a tún un fi jẹ, kíkú ni yóò kú. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ọba nìkan ni gbogbo ọ̀ràn ilẹ̀ ńlá náà ń já sí. Láàárín ọjọ́ 8 péré ní ọdún 1384, ìwé 1,660 ni ó dé iwájú rẹ̀, ọ̀ràn inú wọn sì jẹ́ 3,391. Ìyẹn lé ní ìwé 200 lójúmọ́, fún ojú méjì!

Ayaba Ma nìkan ni ó lè tù ú lójú. Nígbà tí ọba fẹ́ pa Song Lian, arúgbó tí ó jẹ́ olùkọ́ àrẹ̀mọ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ayaba jókòó sídìí oúnjẹ, kò sì fọwọ́ kan ẹran tàbí ọtí. Ọba bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sì dáhùn pé òun ń ṣọ̀fọ̀ olùkọ́ àwọn ọmọ òun. Ọba dìde nídìí oúnjẹ. Ó dá ẹ̀mí Song Lian sí, ó sì lé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí ó ti kú. Nígbà tí àìsàn dé sí ayaba náà ní 1382, ó kọ̀ láti lo oògùn, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kú, ọkọ òun yóò pa àwọn oníṣègùn. Ó kú, ọba kò sì fi ẹlòmíràn ṣe ayaba mọ́.

Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́. Ní 1390 ó kan Li Shanchang, ẹni tí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà ogun, tí ó ti lé ní 70 ọdún. Ó kú pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n lé ní 70. Ní 1393 ó kan ọ̀gágun Lan Yu. Àwọn òpìtàn ka àwọn tí ó bá ọ̀ràn Hu Weiyong lọ sí nǹkan bí 30,000, ti Lan Yu sí 15,000. Ìwé Mencius, ọlọ́gbọ́n àtijọ́ tí ó kọ́ni pé àwọn ará ìlú ṣe pàtàkì ju ọba lọ, pàápàá kò bọ́: ní 1394, ibi 85 ni a gé kúrò nínú rẹ̀.

Ìtàn kan wà pé àrẹ̀mọ rẹ̀, Zhu Biao, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín pípa ènìyàn kù. Ọba ju ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún kan sílẹ̀, ó ní kí ó mú un. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ́ra, bàbá ní ẹ̀gún náà ni òun ń bá a ṣá kúrò kí òun tó gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àrẹ̀mọ náà kú ní 1392, ọmọ rẹ̀ Jianwen, tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí 20 ọdún, ni ó sì jogún oyè nígbà tí Hongwu wàjà ní 1398.

Ní 1399, Zhu Di, ọmọ Hongwu tí ń ṣọ́ ìhà àríwá, dìde ogun sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ye Boju ti wí. Jianwen wá ọ̀gágun, kò rí. Bàbá àgbà ti pa wọ́n tán. Arúgbó kan, Geng Bingwen, ni ó kọ́kọ́ rán, a ṣẹ́gun rẹ̀. Ó fi Li Jinglong rọ́pò rẹ̀, òun náà tún pàdánù. Ní 1402, Li Jinglong yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ṣí ẹnubodè Nanjing fún ọ̀tá. Ààfin gbiná. A mú òkú kan tí ó ti jóná jáde, a ní ti ọba ni. Zhu Di pa orúkọ ìjọba Jianwen rẹ́ kúrò nínú ìwé, ó sì pàṣẹ pé kí a pe ọdún náà ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógójì Hongwu, ẹni tí ó ti wà nínú ibojì láti ọdún mẹ́rin.