Paulin Soumanou Vieyra: Ọmọ Àjàṣẹ́ Tí Ó Jà Kí Kámẹ́rà Tó Dé Ọwọ́ Wa

Bí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ bá jókòó nídìí ayò, ọ̀rọ̀ sinimá kì í pẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹnì kan yóò dárúkọ Àjàní Ògún, fíìmù ọdún 1976 tí Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ti ṣeré. Ẹlòmíràn yóò ní Aiyé ti Hubert Ògúndé ló ta yọ. Àwọn tí wọ́n ti ilé ìwé Faransé wá yóò mú orúkọ Ousmane Sembène ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà wọlé, wọn yóò máa sọ ti Xala àti Ceddo. Àríyànjiyàn á gbóná, ẹ̀rín á sì pọ̀. Orúkọ kan wà tí kì í sábà jáde nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Orúkọ náà ni Paulin Soumanou Vieyra.

Wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, nígbà tí Dàhòmì ṣì wà lábẹ́ àwọn Faransé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọkùnrin yìí ń jẹ́, ìtàn Àjàṣẹ́ ni a ó rí níbẹ̀. Vieyra jẹ́ orúkọ Àgùdà, orúkọ àwọn Pọtogí tí ó gba ọ̀nà Brazil dé etí òkun wa. Soumanou ni Yorùbá ń pè ní Sùmọ́nù, orúkọ Mùsùlùmí. Paulin ní tirẹ̀ bá àwọn àlùfáà òyìnbó àti ilé ìwé Faransé wá. Ẹni tí ó bá ti dúró rí níwájú mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí ó sì rí i pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàhíà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò ní yà á lẹ́nu pé orúkọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lè bá ara wọn gbé lórí ọmọ kan ṣoṣo.

Ọmọ náà kò pẹ́ nílé. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 10, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti di géńdé, ibẹ̀ náà ni ó ti pinnu pé iṣẹ́ sinimá ni òun yóò ṣe. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òbí tí ó bá rán ọmọ lọ sí òkè òkun a máa retí dókítà, lọ́yà tàbí akọ̀wé ìjọba. Vieyra wọ IDHEC, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní Paris fún àwọn tí yóò máa ṣe fíìmù. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ilé tì. Láti ọdún 1934 ni òfin kan ti wà, tí wọ́n fi orúkọ Pierre Laval pè, nítorí òun ni mínísítà tí ó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Faransé gbà nígbà náà. Òfin yìí sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Yóò kọ ohun tí ó fẹ́ yà sínú ìwé, gómìnà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá wù ú kí ó gbà, bí kò bá wù ú kí ó kọ̀. Òyìnbó tí kò ka òfin náà sí kò lọ láìjìyà. René Vautier, ọmọ Faransé gan-an, ṣe fíìmù Afrique 50 láti fi hàn bí àwọn amúnisìn ṣe ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn wa, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún onílé, kí ni ti àlejò?

Vieyra àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọrọ àṣẹ láti wá ya fíìmù ní Áfíríkà. Wọn kò rí i gbà. Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n wo Paris tí wọ́n wà, wọ́n rí i pé Áfíríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tí ń gbálẹ̀ títì, àwọn tí ń jó ní òru, àwọn tí ń rìn nìkan láìsí ẹni tí yóò kí wọn. Wọ́n gbé kámẹ́rà jáde sí àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti etí odò Seine. Mamadou Sarr bá a darí rẹ̀, Jacques Mélo Kane wà níbẹ̀, Robert Caristan ni ó di kámẹ́rà mú. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn ni Ẹgbẹ́ Sinimá Áfíríkà. Ìgbìmọ̀ kan ní Musée de l'Homme, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Paris, ni ó tì wọ́n lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 1955 ni Afrique-sur-Seine. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 lọ, síbẹ̀ ó wà lára fíìmù àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà ṣe fúnra wọn. Kí ó tó dé, òyìnbó ni ó máa ń ya dúdú: yóò yà á bí ẹni ń ya ẹranko igbó, tàbí bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbé ẹrù lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Nínú fíìmù yìí, dúdú ni ó ń wo ìlú òyìnbó, tí ó ń sọ ohun tí ó rí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1963, ni Sembène tó gbé Borom Sarret jáde.

Kí òmìnira tó dé ni Vieyra ti padà sí Áfíríkà. Dakar ni ó fi ìdí kalẹ̀ sí, níbi tí olú-ìlú gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Faransé wà. Nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní ọdún 1960, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí ń ya ìròyìn sínú fíìmù fún ìjọba. Kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n nílé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá lọ wo sinimá ní alẹ́ a kọ́kọ́ rí ìròyìn orílẹ̀-èdè rẹ̀ lójú aṣọ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀: afárá tí wọ́n ṣí, ìpàdé tí wọ́n ṣe, ìrìn àjò Ààrẹ Léopold Sédar Senghor. Vieyra àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ya àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ní ọdún 1961 ó ṣe Une nation est née, láti fi sọ bí Sẹ̀nẹ̀gà ṣe di orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ ìjọba ní adùn, ó sì ní ìkorò. Ó fún un ní kámẹ́rà, ó fún un ní owó oṣù, ó fún un ní ọ̀nà láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ya ààrẹ lónìí, tí yóò tún yà á lọ́la, ìgbà wo ni yóò ráyè ya ohun tí ó wà lọ́kàn òun alára? Ìdí nìyí tí àwọn fíìmù tirẹ̀ fi kúrú. Èyí tí ń jẹ́ Lamb jáde ní 1963. Ìjàkadì ni Lamb túmọ̀ sí ní èdè Wolof. Ó fi àwọn oníjàkadì hàn bí wọ́n ṣe ń múra, oògùn tí wọ́n ń dè mọ́ ara, ìlù tí ń gbé wọn gun orí, àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ń pariwo. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí a ti ń ja ẹkẹ lọ́jọ́ ọdún kò nílò ògbufọ̀ láti wo fíìmù náà. N'Diongane tẹ̀ lé e ní 1965, láti inú ìtàn kan tí Birago Diop kọ. Ní 1966 ó gbé Môl jáde, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan tí ó ń wá owó láti ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Ẹrù tí ó rù fún àwọn ẹlòmíràn tún wà. Nídìí gbogbo fíìmù tí a ń yìn, ẹnì kan wà tí ń wá owó, tí ń ṣe ìwé àṣẹ, tí ń wá mọ́tò àti oúnjẹ, tí ń rí i pé àwọn òṣèré dé lásìkò. Vieyra ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Sembène, Xala ti ọdún 1975 sì wà lára wọn. Ní ọdún 1972 ó ti kọ odidi ìwé kan lórí Sembène. Nígbà tí Sembène ń ya Ceddo, Vieyra gbé kámẹ́rà tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ya bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó yà ni ó di L'envers du décor ní 1981. Àwọn tí ń kọ́ ìwé kíkà Yorùbá yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ceddo. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà kò jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn ará ìlú, ẹ̀sùn tí wọ́n sì sọ ní gbangba ni pé Sembène fi d méjì kọ orúkọ rẹ̀, pé d kan ni àkọtọ́ ìjọba fẹ́. Àkọtọ́ èdè ìbílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ohun tí Vieyra fi ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ó mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ yóò sọnù. Láti ìgbà tí fíìmù wa ṣì ṣeé kà lórí ìka ọwọ́ ni ó ti ń kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine. Le cinéma et l'Afrique jáde ní 1969. Le cinéma africain tẹ̀ lé e ní 1975, ó sì sọ ìtàn sinimá ilẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún 1973. Ìwé rẹ̀ lórí sinimá Sẹ̀nẹ̀gà jáde ní 1983. Ọ̀rọ̀ pé ta ni ó ni gbọ̀ngán sinimá wà lára ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jà fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Faransé méjì, COMACICO àti SECMA, ni ó ń pinnu fíìmù tí àwọn gbọ̀ngán yóò fi hàn ní àwọn orílẹ̀-èdè wa. Ọmọ Áfíríkà lè ṣe fíìmù tán, kó má rí ibi tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ti wò ó. Nítorí irú èyí ni Vieyra fi wà lára àwọn tí wọ́n dá FEPACI sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó so àwọn onífíìmù Áfíríkà pọ̀.

Ní ilé, ìyàwó rẹ̀ ni Myriam Warner-Vieyra, ọmọ erékùṣù Guadeloupe, ònkọ̀wé tí ó kọ Juletane ní 1982. Orúkọ Àgùdà ti la òkun kọjá padà wá sí Àjàṣẹ́. Obìnrin yìí náà tún ti òdìkejì òkun kan náà wá, láti ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, ó sì di ìyàwó ọmọ Àjàṣẹ́.

Ọdún 1981 ni Vieyra tó rí àyè ṣe fíìmù ìtàn gígùn kan ṣoṣo tí ó ní, En résidence surveillée, lórí agbára ìṣèlú àti ìdìtẹ̀ gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí ó finú rò. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1987, ó kú ní Paris, ní ẹni ọdún 62.

Ta ni ó ni ín? Ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, wọn kò sì purọ́, nítorí ibẹ̀ ni ó lo agbára rẹ̀ fún. Ní Ouagadougou, ní àjọ̀dún Fespaco, ẹ̀bùn kan wà tí àwọn alárìíwísí fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà ń fi orúkọ rẹ̀ fúnni. Ìwé àti àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ wà ní yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n jìnnà mọ iyì rẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ orúkọ gbogbo àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ kí wọ́n má bàa di ẹni ìgbàgbé, kò yẹ kí ìlú tí wọ́n bí i sí gbàgbé tirẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lamb àti Afrique-sur-Seine kò gùn: ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ìbílẹ̀, wọ́n ṣeé fi hàn lójú aṣọ funfun ní gbangba ìta, kí àgbà àti ọmọdé jọ wò ó. Àwọn ilé ìwé lè fi orúkọ rẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn aláṣẹ ìlú lè fi orúkọ rẹ̀ sọ títì kan tàbí gbọ̀ngán kan. Lónìí, kò sí ọ̀dọ́ tí kò gbé fóònù sókè nígbà tí egúngún bá jáde tàbí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń jó. Kò sí gómìnà tí ó ń bi í pé ta ni ó fún un láṣẹ. Ẹnì kan ti bá wọn du àyè yẹn kí wọ́n tó bí wọn, ọmọ Àjàṣẹ́ sì ni.