Egungun Ìhà Ádámù

Bóyá wọ́n ti kọ́ ọ rí pé egungun ìhà ọkùnrin fi ẹyọ kan dín sí ti obìnrin, nítorí èyí tí Ọlọ́run yọ lára Ádámù. Wọ́n ń sọ ọ́ láyé Andreas Vesalius náà, ẹni tí a bí ní Brussels ní 1514.

Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara ènìyàn ní yunifásítì ní Paris, ìwé Galen ni olùkọ́ ń kà lórí àga gíga. Onígbàjámọ̀ ló ń fi ọ̀bẹ la òkú. Bẹ́ẹ̀ ara ẹranko ni Galen là ní tirẹ̀! Ní Leuven, Vesalius jí egungun ọ̀daràn tí wọ́n so rọ̀ gbé wálé kó lè rí i fúnra rẹ̀. (N kò ní kí o jalè o.) Ó di olùkọ́ ní Padua ní 1537, ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ó kà á: méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1543.

Ǹjẹ́ àyà rẹ já? Tún Jẹ́nẹ́sísì orí kejì kà: Ádámù nìkan ni a yọ ọ́ lára rẹ̀. Ẹni tí a gé lọ́wọ́ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ọlọ́wọ́ kan.

Ní 1564, Vesalius lọ sí Jerúsálẹ́mù. Bó ṣe ń padà bọ̀ ló kú ní erékùṣù Zakynthos, nílẹ̀ Gíríìsì.